Àkàbà àti irin ìdìmú fún táńkà kékeré: ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wọ̀n

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan ní Ṣàgámù:

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Táńkà epo kékeré ni mò ń kọ́ ní ìwọ̀n 1/24, ìyẹn ni pé ojúlówó fi ìlọ́po 24 tóbi jù ú lọ. Kíìtì, ìyẹn ẹ̀yà tí èèyàn ń tò pọ̀ fúnra rẹ̀, ni mo rà fún orí ọkọ̀ níbi tí dírẹ́bà ń jókòó, páìpù PVC ni mo fi ṣe táńkì ẹ̀yìn. Igi ìtayín ni mo fi ṣe àkàbà tó wà lẹ́yìn táńkì, super glue ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Ó rí wúruwùru, ó sì nípọn bí àkàbà àwọn kanlékanlé. Irin ìdìmú ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ńkọ́? Bí mo bá ti fọwọ́ kàn án báyìí, ó ti já. Kí ni kí n lò, báwo ni kí n sì ṣe é tí yóò fi gún, tí kò ní máa já? Àbí kí n kúkú ra èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀?”

Ìdáhùn:

O ṣeun, àbúrò. Kí n tó dárúkọ wáyà tàbí gúlúù kankan, mú rúlà kí o wọn igi ìtayín rẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń nípọn tó mílímítà 2. Sọ ọ́ di ìlọ́po 24, ó di mílímítà 48. Páìpù irin tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé ńláńlá máa ń tò yí ilé alájà púpọ̀ ká kí òṣìṣẹ́ lè rí nǹkan gùn, mílímítà 48 náà ni. Ohun tí o kàn mọ́ ẹ̀yìn táńkà rẹ nìyẹn. Mọ́tò bọ́ọ̀yì wo ni yóò fi ọwọ́ kan di irú rẹ̀ mú, tí yóò fi ọwọ́ kejì gbé ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn epo dání lọ sókè?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, ojú ló sì máa ń tètè mú un. Ẹni tó ń wo mọ́dẹ́ẹ̀lì rẹ lè má mọ bí táńkì ṣe yẹ kó gùn tó. Bí o bá fi sẹ̀ntímítà kan dín in kù, kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ bí ohun tí ọwọ́ ń dì mú ṣe ń rí, nítorí pé ojoojúmọ́ là ń dì í mú, nínú bọ́ọ̀sì, lẹ́nu géètì, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bó bá ti nípọn jù, ojú á ti sọ ọ́ di ohun ìṣeré ọmọdé, bó ti wù kí ọ̀dà ara rẹ̀ dán tó. Nítorí náà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹni tó ń gun ọkọ̀ náà ni kí o máa rò ní gbogbo ìgbà tí o bá ń gé wáyà.

Lọ wọn ojúlówó. Ṣàgámù lo wà, ìwọ gan-an lo rí já jẹ jù: ibùdó epo Mosimi ò jìnnà sí ọ, Ògèrè tí àwọn onítírélà máa ń gúnlẹ̀ sí náà ò jìnnà. Wá táńkà tó dúró jẹ́ẹ́, kí dírẹ́bà rẹ̀ dáadáa, sọ ohun tí ò ń ṣe fún un, kí o sì fi fọ́tò mọ́dẹ́ẹ̀lì rẹ hàn án. Bó bá ti rí i, òun gan-an ni yóò máa tọ́ka sí ohun tó kù fún ọ. Má gun orí táńkì o, má sì sún mọ́ ọkọ̀ tó ń já epo lọ́wọ́. Láti ilẹ̀ ni kí o ti wọn gbogbo ohun tí o nílò. Bí o bá fẹ́ ya fọ́tò, dúró gangan níwájú àkàbà náà, má dúró ní ìgun, kí o sì jẹ́ kí téèpù ìwọ̀n hàn nínú àwòrán.

Igi méjì tó dúró lóòró ni mò ń pè ní òpó, àwọn tó dábùú ni ìtẹ̀sẹ̀. Nǹkan mẹ́rin ni wàá kọ sílẹ̀. Àlàfo láti àárín ìtẹ̀sẹ̀ kan dé àárín èyí tó tẹ̀ lé e, fífẹ̀ láàárín òpó méjèèjì, ìnípọn ìtẹ̀sẹ̀, àti bí àkàbà ṣe jìnnà sí ara táńkì tó. Ẹ̀kẹrin yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Wọ́n á lẹ àkàbà mọ́ ara táńkì pẹ́kípẹ́kí bí ìgbà tí a lẹ sítáǹpù mọ́ lẹ́tà. Ibo ni iwájú bàtà á wá gbà wọlé?

Bí o ò bá rí ojúlówó wọ̀n, òfin OSHA, àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, lórí àkàbà tí a kàn mọ́ ara nǹkan á fún ọ ní ibi tí o lè fẹsẹ̀ tẹ̀. Ìtẹ̀sẹ̀ kan sí èkejì gbọ́dọ̀ wà láàárín ínǹṣì 10 sí 14, fífẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ínǹṣì 16, àlàfo láti àárín ìtẹ̀sẹ̀ dé ara ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ínǹṣì 7. Òfin yẹn ò de àwọn jórin-jórin wa, páìpù tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n ń jó mọ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ará Amẹ́ríkà àti ẹsẹ̀ ará Rẹ́mọ, ọgbọọgba ni.

Wàá wá pín gbogbo rẹ̀ sí 24. Mílímítà 300 láàárín ìtẹ̀sẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi ínǹṣì 12, di 12.5. Fífẹ̀ ínǹṣì 16, tó jẹ́ mílímítà 406, di nǹkan bíi 17. Ínǹṣì 7 ẹ̀yìn àkàbà di mílímítà 7 àti díẹ̀. Ìtẹ̀sẹ̀ tó nípọn ní mílímítà 20 sí 25 di 0.8 sí 1. O rí i pé igi ìtayín rẹ ti di ìlọ́po méjì ohun tó yẹ. Ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ ológun ní 1/35 á gba mílímítà 8.6 láàárín ìtẹ̀sẹ̀, wáyà rẹ̀ á sì wà láàárín 0.6 sí 0.7.

Bí ìwọ̀n bá kéré gan-an, a máa ń fi irọ́ díẹ̀ kún un. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin ní 1/87 mọ èyí dáadáa. Ní 1893, Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí wọ́n kan irin ìdìmú mọ́ ara wágọ́ọ̀nù, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń so wágọ́ọ̀nù pọ̀ ń já bọ́ sáàárín wọn, wọ́n sì ń kú. Òfin 1910 wá fi àkàbà kún un. Irin tí wọ́n fàṣẹ sí gbọ́dọ̀ nípọn tó ínǹṣì 5/8, ìyẹn mílímítà 16 ó dín díẹ̀, kí àlàfo ínǹṣì 2 sì wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ìka ọwọ́. Pín mílímítà 16 sí 87, ó di 0.18. Wáyà tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀, bí afẹ́fẹ́ fáànù bá fẹ́ lù ú, ó ti tẹ̀. Nítorí náà 0.3 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, ojú sì gbà á. Ìwọ tí ò ń ṣe 1/24 kò nílò irọ́ kankan.

Ó wá kan ohun èlò. Sọ igi ìtayín nù, wáyà ni kí o lọ wá. Èyí tó sún mọ́ ọ jù ni wáyà kọ́pà tí àwọn oníná fi ń wáyà ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní 1.5. Má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn ọ́, 1.5 kì í ṣe ìnípọn rẹ̀, bí ojú ibi tí a ti gé e ṣe fẹ̀ tó ni. Bí o bá bó rọ́bà ara rẹ̀ kúrò, kọ́pà inú rẹ̀ nípọn tó mílímítà 1.38. Ní 1/24, páìpù mílímítà 33 nìyẹn. Ó bá òpó àkàbà onípáìpù mu, ó sì bá irin gígùn orí táńkì mu. Wáyà tí wọ́n ń pè ní 1 nípọn tó 1.13, ìyẹn páìpù mílímítà 27, òun gan-an ló yẹ irin ìdìmú ilẹ̀kùn. Kílíìpù kéékèèké tí a fi ń so pépà pọ̀ ní ọ́fíìsì kì í ju nǹkan bíi mílímítà 1 lọ. Ó dára fún ìtẹ̀sẹ̀, àmọ́ irin ni, á dípẹtà bí o ò bá kùn ún, ó sì lè ba ẹnu réésà àti sísọ́ọ̀sì rẹ jẹ́. Pílíà agéwáyà ni kí o fi gé e.

Fún ohun tó tín-ín-rín jùyẹn lọ, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ń fà káàkiri ọ́fíìsì ní wáyà mẹ́jọ nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó 0.5. Èyí tí wọ́n fà sínú ògiri ni kí o bẹ̀bẹ̀ fún, torí wáyà ẹyọ kan ni. Èyí tó rọ̀ tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà, òwú wáyà wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ibì kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rántí: ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ká kọ́ìlì mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀. Oríṣiríṣi ìnípọn ló wà níbẹ̀, owó díẹ̀ ni wọ́n á sì gbà lọ́wọ́ rẹ fún àjákù. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi fáníìṣì bo wáyà yẹn lára, o sì gbọ́dọ̀ fi sáńpépà ha á kúrò kó tó lè gba gúlúù tàbí sódà, ìyẹn òjé tí a ń yọ́ láti fi jó wáyà pọ̀.

Wáyà kọ́pà rọ̀, ó sì máa ń wọ́. O ò lè fi ọwọ́ nà án kó gún, bí o ṣe ń nà án lápá kan ni yóò máa tẹ̀ lápá kejì. Gé e tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Há ẹnu kan sínú báìsì, fi pílíà di ẹnu kejì mú ṣinṣin, kí o wá máa fà á díẹ̀díẹ̀, má ṣe já a gbà. Wọ awò sójú. Yóò kọ́kọ́ kọ̀ fún ọ, lẹ́yìn náà yóò nà lójijì, kékeré báyìí, ọwọ́ rẹ á sì mọ̀ ọ́n lára. Dúró níbẹ̀. Tú u sílẹ̀, wàá rí i pé ó gún bí ọ̀pá, ó sì ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí o bá jù ú sórí tábìlì, ìró rẹ̀ á yàtọ̀. Bí o bá ń fà á lọ síbẹ̀, á máa tín-ín-rín, á sì já. Bó bá sì wá le jù tí o fẹ́ tẹ̀ ẹ́, mú un lọ sórí iná gáàsì títí yóò fi pọ́n, jẹ́ kó tutù, yóò rọ̀ padà.

Àkàbà oríṣi méjì lo máa rí lẹ́yìn táńkà. Nínú ti àkọ́kọ́, irin pẹlẹbẹ ni òpó rẹ̀. Nínú ti kejì, páìpù ni gbogbo rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni màá gbà ọ́ níyànjú pé kí o fi bẹ̀rẹ̀, torí pé kò gba iná.

Wá káàdì ATM méjì tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ìnípọn káàdì yẹn jẹ́ 0.76 kárí ayé. Ìyẹn ṣì nípọn díẹ̀ fún irin pẹlẹbẹ, torí náà fi sáńpépà ha ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi sún mọ́ 0.5, yóò sì tún bá ọ ha àwọn lẹ́tà gbígbé ara rẹ̀ kúrò. Táńkì ga ju káàdì kan lọ ní 1/24, nítorí náà bí àkàbà rẹ bá gùn ju mílímítà 85 lọ, wá páálí ọ̀rá líle mìíràn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sílíǹgì PVC, kí o sì ha òun náà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù rèé: má kọ́kọ́ gé òpó tín-ín-rín jáde kí o tó lu ihò sí i. Òpó mílímítà 2 tí o bá ń lu ihò sí yóò là, tàbí kí ihò náà sá lọ sí ẹ̀gbẹ́. Gbé páálí méjèèjì lé ara wọn, fi sẹ́lótéèpù so wọ́n pọ̀, fa ìlà kan gbọọrọ, kí o sàmì sí i ní mílímítà 12.5, 12.5. Fi abẹ́rẹ́ tẹ ojú àmì kọ̀ọ̀kan kí bíìtì tí o fi ń lu ihò má baà yọ̀, lẹ́yìn náà lu ihò náà gba inú méjèèjì kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà tí gbogbo ihò bá wà níbẹ̀ ni kí o tó fi réésà àti rúlà irin gé òpó yí wọn ká. Ihò òpó ọ̀tún á bá ti òsì mu ní dandan, nítorí pé ihò kan náà ni wọ́n. Gbogbo wúruwùru tí o sọ nínú lẹ́tà rẹ, láti ibi àmì tí kò bára mu ló ti wá. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ojú lásán to ìtẹ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí wọ́n dọ́gba.

Bíìtì kéékèèké 0.8 tàbí 0.9 wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà rédíò, wọ́n fi ń lu ihò sí bọ́ọ̀dù. Ó mú, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣẹ́ bí gíláàsì bí o bá yí ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí o kò bá rí i, ṣẹ́ orí abẹ́rẹ́ ìránṣọ kúrò níbi ojú rẹ̀, fi fáìlì sọ ibẹ̀ di pẹlẹbẹ, tì í bọ inú igi kékeré kan kí o lè máa fi ìka yí i. Ó lọ́ra, ó sì ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan máa ń ki abẹ́rẹ́ sínú iná kí wọ́n tó gún un wọlé. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, ihò rẹ̀ máa ń ní ètè.

Ki ìtẹ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn wọlé, tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí pépà gíráàfù, kí o wá ṣe ohun tí káfíńtà máa ń ṣe fún fúrémù ilẹ̀kùn: wọn ọ́n láti igun òkè ọ̀tún dé igun ìsàlẹ̀ òsì, kí o wọn ọ́n láti igun òkè òsì dé igun ìsàlẹ̀ ọ̀tún. Bí méjèèjì bá dọ́gba, àkàbà rẹ gún. Fi ẹnu abẹ́rẹ́ mú super glue, kàn án mọ́ ìta ihò, má kàn án mọ́ inú. Lẹ́yìn náà ni kí o ki àwọn ìtẹ̀sẹ̀ yòókù wọlé. Gé ohun tó yọ jáde, fi fáìlì ha á kó tẹ́jú. Lára ọkọ̀ gidi, jórin-jórin ti jó o pa mọ́, kò sí ojú ihò tó hàn.

Super glue fúnra rẹ̀ ní ìwà tirẹ̀. Omi inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un dì. Nígbà ọyẹ́, á lọ́ra, wàá sì rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún ọ. Nígbà òjò, á dì kíá, èéfín rẹ̀ á sì fi nǹkan funfun bíi háńtú sílẹ̀ yí ojú ibẹ̀ ká bí o bá ti lo púpọ̀. Ẹ̀kán kan tó kéré ju orí pín lọ ti tó.

Ní ti àkàbà onípáìpù, òkè rẹ̀ ló máa ń dùn ún wò, torí pé òpó rẹ̀ máa ń tẹ̀ kọjá sórí táńkì kí ẹni tó ń gùn ún lè rí nǹkan dì mú títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi balẹ̀ lókè. Mú wáyà 1.5 méjì tí o ti fà gún, fi téèpù so wọ́n pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí o tẹ méjèèjì papọ̀ yí bátìrì kékeré ká. Bátìrì AA tó nǹkan bíi mílímítà 14 ní fífẹ̀, ti AAA jẹ́ 10 àti díẹ̀. Èyí tó bá bá fọ́tò rẹ mu ni kí o lò. Wáyà máa ń na ara rẹ̀ padà díẹ̀ lẹ́yìn tí o bá tú u sílẹ̀, irin ju kọ́pà lọ, nítorí náà fi ohun tó kéré díẹ̀ sí ìwọ̀n tí o fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Sódà ló ń mú irú èyí dúró. Ha wáyà kó máa dán, fi òróró sódà sí i, lo pákó tí o ti fi ayùn lá lójú láti di gbogbo rẹ̀ mú, má lo pílásítíìkì, yóò yọ́. Ìṣòro tí wàá bá pàdé ni pé bí o bá ń jó ìtẹ̀sẹ̀ kejì, ti àkọ́kọ́ á tú, torí pé kọ́pà ń gbé ooru rìn kíákíá. Jó ọ̀kan lókè, fò lọ sí ìsàlẹ̀, padà sí àárín, kí o sì fi òwú tútù bo èyí tí o ti jó kí ooru má baà dé ibẹ̀. Kí àyáọ́nù tí o fi ń yọ́ sódà gbóná dáadáa kí o lè fọwọ́ kàn án kíá kí o sì kúrò. Èyí tí kò gbóná tó, tí o wá gbé lé e pẹ́, òun ló ń tú gbogbo iṣẹ́.

Wàyí o, irin ìdìmú tó ń já. Mo mọ ohun tí o ṣe láìrí i: o gé wáyà, o tẹ̀ ẹ́, o sì fi gúlúù lẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ ojú ara ọkọ̀. Ẹnu wáyà mílímítà kan, kí ló fẹ́ dì mú? Kò sí gúlúù tó lè gbà á. Ẹsẹ̀ irin ìdìmú gbọ́dọ̀ wọ inú ara ọkọ̀. Fi mílímítà 3 tàbí 4 kún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kọjá ohun tí yóò hàn lóde, lu ihò, tì í wọlé, kí o sì ti inú ọkọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ìta á mọ́ tónítóní, gúlúù inú á dì í mú bí ìṣó. Nítorí ìdí yìí, ṣe é kí o tó lẹ òrùlé orí ọkọ̀ náà pa. Bí o bá ti lẹ̀ ẹ́ pa, lo gọ́ọ̀mù oníméjì tí a ń pò pọ̀, fi díẹ̀ sí ẹnu wáyà kó tó wọlé, kí o sì nu èyí tó bá tú jáde kíá.

Kí gbogbo wọn lè dọ́gba, má ṣe fojú tẹ wáyà. Gé pákó pẹlẹbẹ kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ gígùn inú irin ìdìmú náà, ká ní mílímítà 25. Gbé wáyà lé e lórí, fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ igun ọ̀tún, tẹ̀ ẹ́ mọ́ igun òsì, fi ohun líle kan tẹ̀ ẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ pákó pinpin. Bí wáyà rẹ bá jẹ́ mílímítà 1, àárín ihò kan sí àárín èkejì á jẹ́ 26, kì í ṣe 25, torí pé ìdajì ìnípọn wáyà wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mílímítà kan yìí ló máa ń jẹ́ kí irin ìdìmú tẹ̀ kọ̀rọ̀ bí o bá ń fipá kì í wọlé. Fi téèpù wé ẹnu pílíà rẹ kí eyín rẹ̀ má baà bu wáyà jẹ. Lu ihò òkè nìkan, ki ẹsẹ̀ kan wọlé, jẹ́ kí ẹsẹ̀ kejì fúnra rẹ̀ fi ibi tí ihò rẹ̀ yóò wà hàn ọ́.

Àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ tó wọ gílóòbù nílò nǹkan bíi mílímítà 50 sí 65 láti yí irin ká. Káàdì ATM mẹ́ta tí a tò léra wọn jẹ́ 2.28, ní 1/24, mílímítà 55 nìyẹn. Ki káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí abẹ́ irin ìdìmú, tẹ irin náà lé wọn lórí, ti inú kán gúlúù sí i, fà wọ́n yọ nígbà tó bá gbẹ. Gbogbo irin ìdìmú ọkọ̀ náà á jìnnà sí ara rẹ̀ bákan náà, ojú á sì gbà pé ilé-iṣẹ́ kan ló ṣe wọ́n.

Pín stapler náà wúlò o. Èyí tí gbogbo ọ́fíìsì ń lò, tí wọ́n kọ 24/6 sí lára páálí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 6, ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 13. Wọ́n ti bá ọ tẹ̀ ẹ́, igun rẹ̀ sì mú ju ohun tí ọwọ́ lè ṣe lọ. Fún ilẹ̀kùn ọkọ̀ 1/24, ó tín-ín-rín jù, má lò ó níbẹ̀. Àmọ́ fún ìdìmú orí ìdérí táńkì àti ti àpótí irinṣẹ́ tó wà lábẹ́, ó dára. Àwọn tó ń ṣe 1/35 ló ni ín gan-an: lọ́wọ́ wọn, ó di ìdìmú mílímítà 450 láìsí wàhálà kankan.

Irin gígùn tó wà lórí táńkì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń rìn lọ sídìí àwọn ìdérí, kò ṣòro. Òpó kéékèèké rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ ṣe: ká wáyà 0.5 lẹ́ẹ̀kan yí irin gígùn náà ká, lọ́ ìrù méjèèjì pọ̀, ìrù yẹn ló máa wọ ihò. Ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí dé òpin, fi gúlúù kán ojú ìká kọ̀ọ̀kan. Lára àwọn táńkà kan, wọ́n máa ń tẹ́ irin yìí sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Wo fọ́tò rẹ dáadáa kó tó di pé o gbé e dúró.

Kùn wọ́n kí o tó kàn wọ́n mọ́ ọkọ̀. Fi ọṣẹ fọ wáyà, torí pé òróró ìka ọwọ́ kì í jẹ́ kí ọ̀dà mú. Gún wọn sórí fóòmù, fọ́n práímà táwọn tó ń kun mọ́tò ń lò sí wọn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí o tó fọ́n ọ̀dà. Bí o bá fọ́n ọn nípọn, gbogbo ìwọ̀n tí o ti jìyà lé lórí á tún sanra padà. Má sì tẹ wáyà mọ́ lẹ́yìn tí o bá ti kùn ún, ọ̀dà á bó níbi tó ti tẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, rántí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ náà. Ọ̀dà kì í jẹ káàkiri lára àkàbà. Àárín ìtẹ̀sẹ̀ ni bàtà ń ha, nítorí náà ibẹ̀ ni irin ti máa ń hàn, igun rẹ̀ ṣì máa ń ní ọ̀dà. Ìtẹ̀sẹ̀ ìsàlẹ̀ máa ń gba ẹrẹ̀, ti òkè máa ń gba òróró dúdú. Irin ìdìmú ilẹ̀kùn máa ń dán níbi gíga tí ọwọ́ ń kọ́kọ́ bà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í sábà dán. Pẹ́ńsù 2B lásán tí o bá fi ra àárín ìtẹ̀sẹ̀ á fún ọ ní àwọ̀ irin tó ti jẹ. Má ṣàṣejù. Mo ti rí táńkà tí wọ́n fi ìpẹtà kùn láti òkè dé ilẹ̀, ó dà bí ohun tí wọ́n wú jáde nínú ọ̀sà.

Kò sì yẹ kí àkàbà náà kanlẹ̀. Ìtẹ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ga sílẹ̀ dé ibi orúnkún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má baà lu ilẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò.

Ní ti rírà: àwọn àkàbà tí wọ́n gé láti ara páànù idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ rẹwà tí òpó ọkọ̀ rẹ bá jẹ́ irin pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n ìtẹ̀sẹ̀ wọn náà á jẹ́ pẹlẹbẹ, ìdìmú sì gbọ́dọ̀ rí róbótó. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ 3D tẹ̀ jáde rí róbótó lóòótọ́, ó sì péye, ṣùgbọ́n ní mílímítà 0.8, ó máa ń ṣẹ́ bí o bá ń nu eruku kúrò lára mọ́dẹ́ẹ̀lì. Ra ti àkàbà bí owó bá wà lọ́wọ́, kí o yọ ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀, kí o fi wáyà rọ́pò rẹ̀. Irin ìdìmú, má ra. Wáyà ilé tó tó apá kan á ṣe ti orí ọkọ̀ méjì, yóò sì kù.